Igbe Alhája Onígbàǹja

Gbogbo ewúrẹ́ ọjà obì Ṣàgámù ló mọ ohùn Alhája Ìdíátù Bẹ̀llò. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló pariwo mọ́ wọn, wọ́n á wò ó bí ẹni tó ń sọ èdè àjèjì, wọ́n á sì máa jẹ ewé obì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí Alhája bá yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé obì tirẹ̀, tó fa èémí sínú, tó pe Síkírù alábàárù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kíá ni ewúrẹ́ á tu ewé ẹnu rẹ̀ dànù, á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Síkírù fúnra rẹ̀, tó ti ń sùn lábẹ́ igi lókè ọjà, á ti dìde dúró kí ojú rẹ̀ tó là.

Ẹni tó bá wá rí ẹni tó ni ohùn ọ̀hún á rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Alhája ò ga ju agbọ̀n obì méjì tí wọ́n gbé léra lọ. Ó ti lé láàádọ́rin ọdún. Ó fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn kó má baà sọnù, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń wá a kiri, tí yóò sì máa bi gbogbo ènìyàn léèrè nígbà tí awò náà ń mì lórí àyà rẹ̀ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Gbàǹja ló ń tà, ó ń kó o ránṣẹ́ sí Kánò, bí ìyá rẹ̀ ti ṣe é, bí ìyá ìyá rẹ̀ náà ti ṣe é. Ní mọ́ṣáláṣí wọn ní àdúgbò Òfin, àwọn obìnrin kì í fún un ní gbohùngbohùn bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àwọn dán irú ẹ̀ wò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ ni pé ìyá yìí ti fi ohùn yẹn ṣe iṣẹ́ mìíràn rí. Nígbà tó ṣì wà ní omidan, tí wọ́n ń pè é ní Ìdíà, òun ni akọrin ẹgbẹ́ Ìkòkò Irin. Ẹ má tíì máa jó o. Kì í ṣe wákà, kì í ṣe fújì. Orin tí àwọn òyìnbó onírun gígùn ń pè ní héfì mẹ́tà ni wọ́n ń kọ, ní èdè Yorùbá, ní Rẹ́mọ níbí. Jìtá á máa ké bí ayùn tó bá ìṣó pàdé nínú pákó, ìlù á máa dún bí ìgbà tí tírélà bá ń tú irin sílẹ̀ ní Ògèrè, Ìdíà á sì dúró láàárín wọn, á lanu, àwọn àgbààgbà àdúgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọ́n bọ́ bàtà sí.

Lásúnkànmí ọmọ Ìpara ló ń ta jìtá. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà, kò sì pọ̀ lónìí. Ephraim Akínṣọlá, ọmọ ìjọ Adífẹ́ńtì láti Ìlíṣàn, ló ń lu jáàsì, ìlù òyìnbó tí wọ́n máa ń jókòó tì. Ẹnì kẹrin wọn tó ń ta jìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ní òun ń lọ sí Amẹ́ríkà lọ ra okùn jìtá, wọ́n sì ṣì ń retí okùn náà.

Lọ́dún tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá, wọ́n ṣe àwo kan ṣoṣo. Orin tó gbé wọn jáde nínú rẹ̀ ni "Ilẹ̀kùn Irin". Ní ìparí orin yẹn, jìtá á dákẹ́, ìlù á dákẹ́, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ àtíòro lẹ́nu. Nígbà náà ni Ìdíà á wá ké igbe kan tó gùn, tó ròkè, tó yí po, tó tún ya bí aṣọ tuntun, ìlù á sì já wọlé láti wá gbé e. Wọ́n ní ọkùnrin kan gbọ́ ọ lórí rédíò ní Ìkẹ́nnẹ́, ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó sáré jáde lọ wo ẹni tí mọ́tò gbá.

Lẹ́yìn èyí, ayé gbá wọn káàkiri. Ephraim rí iṣẹ́ sí yunifásítì ìjọ wọn, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lásúnkànmí padà sóko. Ìdíà lọ́kọ, ó bímọ, ó lọ sí Mẹ́kà, ó dé, ó di Alhája. Ìkòkò Irin dàbí ìkòkò tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, kò fọ́, kò sì sẹ́ni tó ń fi se nǹkan.

Sùmáyà ló yí i sójú. Ọmọ ọmọ Alhája ni, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ọmọ tí ojú rẹ̀ dàbí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyọ̀ sínú tíì ẹlòmíràn. Ọjọ́ tó rí àwo àtijọ́ náà lábẹ́ àpótí aṣọ, tó rí ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́yìn àwo, nínú sòkòtò awọ àti awò dúdú, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó fi orin náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Alhája máa fi mọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ní Bùràsíìlì ti ń gbọn orí sí i.

"Ta ló ní kó o gbé mi lọ sọ́hùn-ún?"

"Màámá, mi ò gbé yín lọ. Ohùn yín ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti àwo tuntun nìyẹn. Abdullateef, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gba orin sílẹ̀ ní Èkó, tí irun orí rẹ̀ dàbí ewé obì tó gbẹ sórí òrùlé, gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá sí Ṣàgámù, ó ní òun fẹ́ ṣe é kí àwọn àgbà yìí tó yí ọkàn padà. Ilé Alhája ní Òfin ni wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú. Páànù òrùlé ń dá sí gbogbo orin. Alhája ló rántí pé bí òun bá wà ní ìsàlẹ̀ ilé obì, Síkírù tó wà níta kì í gbọ́ òun, ẹni tí wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ dé Sábó!

"Agbọ̀n obì ń jẹ ohùn," ó ní. "Ewé inú rẹ̀ ló ń gbé e mì."

Wọ́n to agbọ̀n gbàǹja kan òkè àjà yí ká. Abdullateef wọ àárín wọn, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó la ẹnu sílẹ̀. Ó ní stúdíò tí òun ń lò ní Èkó ò tó èyí. Láti ọjọ́ náà ni ilé obì ti di ilé orin, tí gbogbo wọn sì ń rùn bí obì tútù dé orí ibùsùn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló wá kù. Láti Mọ́ńdè dé Tọ́sìdeè, àwọn obìnrin tó ń ṣa obì ń bú ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ẹni tó lè ní kí wọ́n dákẹ́. Ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ Kánò ń kó ẹrù. Jímọ̀ ni ọjà máa ń parọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀, Alhája gbọ́dọ̀ kírun, bí oòrùn bá sì ti wọ̀, Sábáàtì dé nìyẹn, Ephraim ò ní fọwọ́ kan ìlù mọ́ títí oòrùn ọjọ́ kejì á tún fi wọ̀. Láàárín ìrun Jímọ̀ àti wíwọ̀ oòrùn ni gbogbo àwo náà ti wáyé. Ephraim ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn sílẹ̀ gbayawu kí òun lè máa rí ojú ọ̀run. Wọ́n ṣí i.

Orin méje ti parí. Ọ̀kan nínú wọn, "Orúnkún", dá lórí bí orúnkún ṣe ń dún bí ènìyàn bá fẹ́ dìde. Ó wúwo débi pé Lásúnkànmí ta á tán, kò lè dìde. "Ilẹ̀kùn Irin" ló kù, èyí tí wọ́n ń tún kọ kí ó lè parí àwo náà. Wọ́n ti kọ ọ́ dé ibi ìdákẹ́jẹ́. Igbe ni kò fẹ́ jáde.

Jímọ̀ méjì ti lọ lórí rẹ̀. Ní Jímọ̀ tí à ń sọ yìí, ẹ̀yìn wọn ti kan ògiri: Abdullateef ń rìnrìn àjò lọ́jọ́ kejì, àwo sì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Alhája ti múra. Ó ti jẹ orógbó, ó ti lá oyin, ó ti fi omi gbígbóná fọ ọ̀nà ọ̀fun. Ó lanu ní ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó jáde dàbí ewúrẹ́ tó ń wá ọmọ rẹ̀. Ní ẹ̀kejì, orógbó padà gòkè wá, òsúkè mú un, wọ́n sì gbọ́ "Haaa-híkì!" ketekete nínú sípíkà.

"Màámá," Sùmáyà sọ láti orí agbọ̀n tó jókòó lé, "ẹ dàbí kẹ́tùlù tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sọ òun kalẹ̀."

"Sọ̀ kalẹ̀ lórí obì mi kí n tó wá sọ ìwọ náà kalẹ̀."

"Ẹ wá sọ ọ́ ní ohùn igbe, mà. A ń gbà á sílẹ̀."

Ephraim bú sẹ́rìn-ín, ọ̀pá ìlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lásúnkànmí ta okùn kan ṣoṣo lórí jìtá, ó dún "dìn-ìn-ìn", gbogbo wọn sì mọ̀ pé òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀kẹta kú lójú ọ̀nà, Abdullateef bọ́ ohun tó fi bo etí, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ bí dókítà tó fẹ́ sọ fún ẹbí aláìsàn.

"Màámá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Igbe tí ẹ ké nígbà yẹn wà nínú àwo àtijọ́. Mo ti gé e jáde, mo ti nù ún mọ́. Màá kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ìsinsìnyí. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

Alhája yọ awò ojú. "Ẹnikẹ́ni ò ní kí ni?"

"Ò ní mọ̀, mà."

"Ó tán," Sùmáyà sọ lábẹ́lẹ̀.

"Abdullateef," Alhája ní, "ṣé o mọ ẹni tó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjà yìí? Ẹni tó fi obì èṣí sísàlẹ̀ agbọ̀n, tó to tuntun lé e lórí." Ó nàka sí igun kan tí àwọn agbọ̀n bíi mélòó kan dá dúró sí, tí wọ́n so àkísà pupa mọ́ etí wọn. "Ṣé o rí èyí tó ní àkísà létí un? Obì èṣí ni. Kò sí ohun tó ṣe é, àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju tuntun lọ, nítorí ó ti gbó, ó ti dùn. Ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ ọ̀tọ̀, orúkọ rẹ̀ ọ̀tọ̀. Ìṣojú mi ni ará Kánò ti da agbọ̀n ọkùnrin kan sílẹ̀ láàárín ọjà. Títí dòní, bí ọkùnrin náà bá gbé obì síwájú àlejò, àlejò á kọ́kọ́ gbé àwo náà sókè wo abẹ́ rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ohùn yín náà ni, mà."

"Ohùn ọmọdébìnrin kan tí mo mọ̀ rí ni."

Kò sọ èyí tó kù síta. Ó ń wò ó bí ọmọdébìnrin náà á ṣe bẹ́ wọlé ní ìparí orin, nínú sòkòtò awọ rẹ̀, láti wá jíṣẹ́ tí ìyá arúgbó ò lè jẹ́, tí gbogbo ayé á sì máa pàtẹ́wọ́ fún un. Alhája ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ orin méje. Ó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ parí ìkẹjọ.

Ephraim ló bá wọn làjà. Ó ní Ìdíà sọ òótọ́, ó ní ọ̀dọ́kùnrin náà ò sì purọ́, nítorí àwo tí kò ní "Ilẹ̀kùn Irin" dàbí ìrèké tí wọ́n gé ibi tó dùn kúrò lára rẹ̀. Wọ́n wá fi àdéhùn sí i: bí oòrùn bá wọ̀ tí igbe ò jáde, kí Abdullateef lẹ ohun tó bá fẹ́ lẹ̀. Alhája gbà, ó mi orí. Mímì náà dàbí ti ẹni tí wọ́n ní kó fi ọmọ ṣọwọ́ sí ìlú òkèèrè.

Wọ́n sinmi díẹ̀. Ephraim tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn agbọ̀n, níbi tí ìkòkò omi wà.

"Kí ló ń ṣe ọ́, Ìdíà? Ohùn tó o fi ń pe Síkírù lójoojúmọ́ ju èyí tí à ń wá lọ."

"Ephraim, o mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo ké lọ́jọ́ tí a gba àwo àtijọ́ sílẹ̀."

Ephraim gbé ife sẹ́nu, kò mu ún.

"Ìwọ nìkan lo rí i," Alhája ní. "Ilẹ̀ tútù, mo bọ́ bàtà, mo gbá máìkì mú. Iná mànàmáná inú rẹ̀ gbé mi: òun ló ké, ẹnu mi ló kàn yá lò. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yìn mí fún un, mo ń tẹrí ba fún wọn bí ẹni pé mo mọ bí mo ṣe ṣe é. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Kí ni mo wá fẹ́ fi ké e ní àádọ́rin ọdún?"

Ephraim rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí i láyà. "O tún ké e ní gbogbo òde tí a lọ lẹ́yìn ọjọ́ náà ńkọ́?"

"Ariwo ló ń bò mí. O ti ń já wọlé kí wọ́n tó gbọ́ bó ṣe rí."

"Èmi ni mo wá ń bo àṣírí rẹ láti ọjọ́ yìí."

"Nítorí náà ni mo ṣe ń fún ọ ní obì ọ̀fẹ́."

"Èmi tí n kì í jẹ obì!"

Ohun tí àwọn méjèèjì ò mọ̀ ni pé ẹnì kan ti dákẹ́ jù ní òdìkejì agbọ̀n. Bí ọmọ aláwàdà bá dákẹ́, ẹ tètè ka eyín ẹnu yín. Nígbà tí wọ́n padà síwájú máìkì, Sùmáyà ò sí lórí agbọ̀n mọ́. Alhája rò pé ó ti lọ ra búrẹ́dì.

Oòrùn ti dé orí ọ̀pẹ. Ó ti pọ́n bí epo. Ephraim wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó sọ pé, "Ìdíà, ẹ̀ẹ̀kan yìí ló kù." Lóòótọ́, ìyàwó rẹ̀, Ellen, ti gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì ti fọn fèrè mọ́tò bí ẹni tí kò fọn ún, ìyẹn ni pé ó fọn ún tìwà-pẹ̀lẹ́-tìwà-pẹ̀lẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń tà bí wọ́n bá mọ̀ pé kò sí òmíràn mọ́? Lásúnkànmí di ojú, ìka rẹ̀ tó ti le lẹ́nu ọkọ́ ń sáré lórí okùn bí alángbá lórí ògiri gbígbóná. Okùn tí wọ́n fi ń di agbọ̀n obì ló fi gbé jìtá kọ́rùn, okùn náà ń já díẹ̀díẹ̀, kò bìkítà. Ephraim ń lu ìlù bí ẹni tí Sábáàtì ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Alhája dúró láàárín wọn, ó kọjú sí ilẹ̀kùn, híjáàbù rẹ̀ ń mì, ó kọ ọ́ dé ibi tó ti ń sọ pé irin ti gbóná, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ṣílẹ̀kùn.

Jìtá dákẹ́. Ìlù dákẹ́.

Alhája fa èémí sínú. Ojú rẹ̀ wà ní ìta, níbi tí oòrùn pupa wà, kò sì wo ohunkóhun.

Síkírù rìn wọ inú oòrùn náà. Ó gbé agbọ̀n kan dání, àkísà pupa ń mì létí agbọ̀n náà. Ó rìn lọ síbi agbọ̀n ńlá tí wọ́n ti dì sílẹ̀ fún ará Kánò, obì tuntun tí Alhája fúnra rẹ̀ ṣà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí ewé orí rẹ̀ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Ó gbé ti àkísà pupa sókè. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da obì èṣí sórí obì tuntun, wàràwàrà, lójú oòrùn, lójú Ọlọ́run.

"SÍÍÍÍKÍÍÍRÙÙÙÙÙÙÙÙ!"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, igbe ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ inú ló ti gbéra, ó kọjá lórí ìbínú, ó kọjá lórí gbogbo ọdún tí obìnrin náà ti fi pe alábàárù láti ìsàlẹ̀ ọjà dé òkè, ó ròkè, ó yí po, ó ya, ó tún rí ibòmíràn gbà lọ. Agbọ̀n tó ń jẹ ohùn ò lè jẹ ẹ́ tán. Ìgbà tó yẹ gan-an ni Ephraim já wọlé pẹ̀lú ìlù, nítorí ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ iṣẹ́, Lásúnkànmí náà já wọlé, okùn ọrùn rẹ̀ já, ó fi ẹsẹ̀ gbé jìtá, kò dáwọ́ dúró. Alhája nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti fò jáde láàárín wọn, ó ti dé ìta, pẹ̀lú orúnkún tó ń dún.

Síkírù ti nà gbalaja sílẹ̀. Ẹni àádọ́ta ọdún, bàbá ọlọ́mọ, ó dojú bolẹ̀, gbàǹja ń yí kọjá létí rẹ̀.

"Alhája, ẹ dákun! Ẹ̀yin lẹ ní kí n dà á!"

"Èmi? Ẹnu wo ni mo fi sọ ọ́?"

"Sùmáyà ló ní ẹ ní kí n mú alákìísà yìí, kí n dà á sínú ti Kánò, kí n bẹ̀rẹ̀ bí orin bá ti dákẹ́."

Alhája bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyọ kan nílẹ̀. Ó gbé e sójú, ó rántí pé kò rí i, ó wá awò ojú, ó rí awò ojú. Ó fi èékánná ha obì náà. Tútù ni. Tuntun ni, bó ṣe bọ́ lórí igi. Ọmọ burúkú náà ti tú àkísà lára obì èṣí, ó ti so ó mọ́ agbọ̀n obì tuntun. Tuntun lórí tuntun ni Síkírù ń dà.

Ó gbójú sókè. Sùmáyà wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn igi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ejìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Màámá, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nídìí omi," ó ní, nígbà tó rí èémí mí. "Mo ní bí iná bá lè yá ẹnu yín lò, ẹ jẹ́ kí obì náà yá a."

"Sùmáyà ọma Bẹ̀llò!"

"Mà."

"O fẹ́ pa mí."

"Rárá o, mà. Ẹ gbọ́ ohùn yín náà. Ẹni tó fẹ́ kú kì í ní ohùn tó báyẹn."

Alhája já ewé obì kan, ó fi lù ú léjìká, ó tún lù ú. Ewé obì ò tíì dun ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tó fẹ́ lù ú lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín gba ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó sórí agbọ̀n Kánò, ó rẹ́rìn-ín títí òsúkè fi padà dé.

Abdullateef ló pè wọ́n wọlé. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì gbọ́ igbe náà. Alhája gbọ́ ọ bó ṣe máa ń ṣa obì: ó gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wá ibi tí kòkòrò wà. Igbe ọmọdébìnrin ọjọ́sí mú bí abẹ. Èyí ò mú bẹ́ẹ̀. Ó nípọn, ó ní ìsàlẹ̀, ó gbé nǹkan dání bó ṣe ń gòkè.

"Ó gbó," ó sọ níkẹyìn. "Ó gbó dáadáa. Kò ní kòkòrò."

"Ìdíà," Ephraim ní, ó ti ń wọ bàtà, "ṣé o bọ́ bàtà lónìí?"

Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, méjèèjì pé; iná kankan ò yá ẹnu rẹ̀ lò. Alhája wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan rẹ̀ tó sọnù padà fún.

"Ohun kan ló kù, mà," Abdullateef ní. "Orúkọ alábàárù yín ló jáde. Mo lè yọ ọ́, kí n fi igbe nìkan sílẹ̀."

"Bí mo ṣe dì í ni mo ṣe ń tà á. Má yọ nǹkan kan." Ó nàka síta. "Ṣùgbọ́n olórúkọ wà níta. Ẹ pè é kí á bi í."

Kò sẹ́ni tó pè é, ó ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń gbọn iyanrìn lára. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Síkírù gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú sípíkà, ó fẹ́ tún dọ̀bálẹ̀, Sùmáyà dì í mú.

"Ṣé wọ́n á gbọ́ èyí ní Kánò?" Síkírù béèrè.

"Wọ́n á gbọ́ ọ níbi tó jìnnà ju Kánò lọ, bọ̀dá Síkírù," Sùmáyà dá a lóhùn.

Síkírù nà ró ṣánṣán. "Ẹ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo da obì èṣí mọ́ tuntun lóòótọ́. Mo lọ́mọ nílé."

Wọ́n ṣe ìlérí fún un. Fèrè mọ́tò tún dún níta, kò fi bẹ́ẹ̀ níwà pẹ̀lẹ́ mọ́. Ephraim gbá ìlù rẹ̀ lórí fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ tó ń sùn lórí, ó sì jáde. Ó ti wọnú mọ́tò, ó ti ti ilẹ̀kùn pa kí oòrùn tó wọ̀ tán. Lásúnkànmí, tó ti ń wá okùn tí yóò fi di jìtá rẹ̀ kiri, la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Igbe dára."

Àwo náà ti jáde. Ìkòkò irin ńlá kan wà níwájú rẹ̀, agbọ̀n obì wà lórí ìkòkò náà. Bí ẹ bá yí i sẹ́yìn, lábẹ́ orúkọ àwọn orin, ẹ ó rí ìlà kan tí wọ́n kọ gàdàgbà: SÍKÍRÙ Ò DA OBÌ PỌ̀ O. Àwọn ọmọ Bùràsíìlì ti fi í sára aṣọ. A ò mọ ohun tí wọ́n rò pé ó jẹ́.

Ní ọjọ́ kan báyìí, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú aṣọ dúdú wá láti Ògèrè, ó dúró lẹ́nu ilé obì, ó wárí fún Alhája.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni a ti lè rí Síkírù? Mo fẹ́ bá wọn ya fọ́tò."

"Síkírù nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àbí ẹ̀yin náà máa ń kọrin ni?"

Sùmáyà tó ń ka obì nínú ilé sá lọ sẹ́yìn agbọ̀n, kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Alhája wá awò ojú rẹ̀ títí, ó wọ̀ ọ́, ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀.

"Díẹ̀díẹ̀," ó ní. "Jẹ́ kí n bá ọ pè é."

Ó yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fa èémí sínú. Gbogbo ọjà ti mọ̀ ọ́n báyìí. Àwọn alábàárù ti gbé ọwọ́ sókè lórí agbọ̀n òfìfo, wọ́n ń dúró dè é kí wọ́n lè já wọlé bí Ephraim. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó wà nítòsí gbójú sókè, ó rí i, ó sì tu ewé ẹnu rẹ̀ dànù.